Bí A Ṣe Lè Wọn Àìlera Àwọn Àgbà Kí Ó Tó Di Ti Ilé Ìwòsàn

Bí àgbàlagbà bá ń rù, tí ìrìn rẹ̀ sì ń falẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sọ ni pé ọjọ́ ogbó ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí a wádìí. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni ọdún 80 lè le koko ju ẹni ọdún 65 lọ.

Ní ọdún 2001, Dókítà Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n yẹ àgbà tí ó lé ní 5,000 wò. Ohun márùn-ún ni wọ́n wò: bí ẹni náà bá ti rù tó kílò 4.5 láàárín ọdún kan láìmọ̀ọ́mọ̀ dín oúnjẹ kù. Bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè di nǹkan mú gírígírí mọ́. Bí ìrìn rẹ̀ bá falẹ̀. Àti bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ń mú ara gbéra mọ́. Ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú wọn ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan tàbí méjì wà ní bèbè rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn hẹ́gẹhẹ̀gẹ ni ìṣubú àti ìgbàsílé-ìwòsàn wọ́pọ̀ jù láàárín wọn.

Lọ́hùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní ibùgbé tí a kọ́ fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ọ̀pọ̀ àgbà ń gbé, nítorí náà ẹbí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura. Ẹ jẹ́ kí Bàbá tàbí Màmá dìde lórí àga, kí wọ́n rin mítà 3, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n sì wá jókòó. Kí ẹnìkan dúró tì wọ́n o. Bí ó bá gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ewu ìṣubú ti wà nílẹ̀.

Ìdí tí a fi ń tètè wò ó ni pé ibùsùn ilé ìwòsàn pàápàá ń gba agbára. Iṣan àgbà tí ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan a máa joro. Ẹlòmíràn a fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, a sì jáde lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Èyí kò ní kí a fi aláìsàn pamọ́ sílé. Ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà nínú oúnjẹ, pẹ̀lú ìrìn ojoojúmọ́ àti ìdìde-jókòó lórí àga, lè dá agbára padà fún ẹni tí ó wà ní bèbè.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà wà ní UCH, Ìbàdàn, láti ọdún 2012. Bí ẹ bá ń mú àgbà lọ sí ilé ìwòsàn èyíkéyìí, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, àti àgbo pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kan nínú oògùn ni ó ń fa òòyì tí ń gbé wọn ṣubú.