Ọbẹ̀dò ojú àtẹ̀gùn: kí ọlọ́jà fọ̀ ọ́ kó tó gbé oníbàárà ṣubú

Láti oṣù kẹrin tí òjò ti máa ń múlẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, àwọ̀ àtẹ̀gùn iwájú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà-Àkókó máa ń yí padà. Sìmẹ́ńtì tó funfun nígbà ọyẹ́ á di tútù bí ewé, ibòmíràn á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ohun tó ń hù níbẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè ní ọbẹ̀dò. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò kà á sí ju ìdọ̀tí lásán lọ, wọ́n á ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á lọ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tó lè náni lówó nìyẹn. Bí òjò bá ti rẹ ọbẹ̀dò, ṣe ló máa ń yọ̀ bí ilá, ẹni tó sì ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ ṣubú níbẹ̀ ni oníbàárà tó ń gbé owó bọ̀.

Kí ni ọbẹ̀dò gan-an?

Ohun abẹ̀mí ni. Àwọn kan nínú wọn kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn àfi tí wọ́n bá pọ̀. Àwọn mìíràn tó nípọn bíi tìmùtìmù jẹ́ ewéko kékeré tí kò ní gbòǹgbò gidi. Ohun tí wọ́n nílò kò ju omi, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ àti ibi tí wọ́n á dì mú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pọ̀ sí abẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé àti ibi tí omi páànù ń kán sí.

Ẹni tó bá gbójú sókè wo àwọn àpáta ńlá agbègbè Àkókó yóò rí ilà dúdú tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára wọn bí ẹni da ọ̀dà sí i. Ìyẹn kì í ṣe àwọ̀ òkúta. Àwọn ohun abẹ̀mí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanobacteria ló bo ojú òkúta níbi tí omi òjò ń gbà kọjá. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbẹ bí ẹni pé wọ́n ti kú, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti kàn wọ́n, wọ́n á tún jí. Irú wọn náà wà lára èyí tó ń hù lójú àtẹ̀gùn. Kò yẹ kí ọlọ́jà máa retí pé kí ọyẹ́ bá òun fọ àtẹ̀gùn, nítorí ọyẹ́ kì í pa á tán, oorun ló ń fi í sùn.

Ohun tí ìṣubú kan lè dá sílẹ̀

Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 684 èèyàn tí ìṣubú ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, àwọn tó sì lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Àgbàlagbà ni ewu náà pọ̀ fún jù. Ìyá àgbà tó wá ra mílíìkì, tó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán, lè má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní í gbàgbé ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn aládùúgbò náà kò sì ní í gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 1866, wọ́n dá ẹjọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín Indermaur àti Dames. Òṣìṣẹ́ tó wá yẹ iná gáàsì wò ní ilé iṣẹ́ ṣúgà ló já sínú ihò kan tí wọn kò ṣe ọgbà yí ká. Ilé ẹjọ́ dá a láre. Wọ́n ní ẹni tó bá wá síbi òwò ẹlòmíràn nítorí òwò ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹni tó ni ibẹ̀ ṣọ́ra nípa ewu tó mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà jogún, ìlànà yìí sì wà lára ohun tó bá a wọlé. Ọlọ́jà tó ń gba orí ọbẹ̀dò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́

Ọjọ́ tí ẹ kò ní í tajà tàbí òwúrọ̀ kùtù ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ fi okùn tàbí àga dí ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wọ bàtà òjò tó ń di ilẹ̀ mú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ṣọ́bìrì ha èyí tó nípọn kúrò, kí ẹ sì gbá a dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ oníyẹ̀fun àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ọbẹ̀dò náà kò bá tíì pẹ́, èyí nìkan lè tó o.

Bí àwọ̀ rẹ̀ bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣan ọṣẹ kúrò, kí ẹ wá lo Hypo tàbí Jik. Ife kan sí ife omi mẹ́rin ti tó. Ẹ dà á sójú ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣan án. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi náà ṣàn wọ inú kànga tàbí ìdí ọ̀gbìn.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ má ṣe po Hypo tàbí Jik pọ̀ mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ásíìdì èyíkéyìí láéláé. Afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní chlorine. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sáfẹ́fẹ́ ní Ypres, nílẹ̀ Belgium, lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 1915. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àwọn mìíràn máa ń da ásíìdì nìkan sójú àtẹ̀gùn. Lóòótọ́ ó máa ń mọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ásíìdì ń jẹ sìmẹ́ńtì. Ojú ibẹ̀ á wá rí hágahàga, ọbẹ̀dò mìíràn á sì tètè rí ibi dì mú. Iyọ̀ náà kò dára, nítorí ó ń jẹ irin inú kọ́ńkéré.

Ẹ lé omi lọ, ọbẹ̀dò á lọ

Ẹni tó fọ àtẹ̀gùn tí kò wá ibi tí omi ń gbà dé ibẹ̀ yóò tún un fọ̀ láìpẹ́. Ẹ wo òkè: bí omi páànù bá ń kán sórí àtẹ̀gùn, ẹ fi gọ́tà sí etí páànù. Ẹ wo táńkì omi tó ń kún àkúnya. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò tó ń ṣíji bo ibẹ̀ kí oòrùn lè wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àtẹ̀gùn tuntun, ẹ sọ fún bíríkìlà pé kó jẹ́ kí ojú rẹ̀ dà díẹ̀ síta, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì nínú mítà kan, kí omi má baà dúró. Kó fi ìgbálẹ̀ fà á lára nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù, kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Táílì dídán kò yẹ ìta rárá.

Owó wà nínú rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ mọ́tò, tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi jáde, lè fi iṣẹ́ yìí kún tiwọn. Ilé ìjọsìn, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé oúnjẹ ló ní àtẹ̀gùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, nítorí omi tó le jù lè ṣí sìmẹ́ńtì tí kò lágbára. Kí wọ́n ṣírò owó oògùn, omi, epo àti àkókò wọn kí wọ́n tó dá iye lé e. Wọ́n sì lè bá oníbàárà ṣe àdéhùn ìgbà mẹ́ta lọ́dún: nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, àti nígbà tó bá tán.

Ọlọ́jà tí kò lówó láti pe ẹnikẹ́ni kò nílò ju búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ. Owó búrọ́ọ̀ṣì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé ìwòsàn.