Los Santos, ìlú ọ̀daràn inú ẹ̀rọ: Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ fi ń dá ṣe eré tí wọ́n ní kí 30 èèyàn jọ máa ṣe?

Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn rẹ̀ ní aago kan òru. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń kó ẹrù fàyàwọ́ jọ sínú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sá fún ọlọ́pàá, ó ń yẹ ọta ìbọn. Ní báyìí, ilé ìkẹ́rùsí ti kún, ọkọ̀ akẹ́rù ti gbéra, ó sì ku díẹ̀ báyìí kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra ọjà náà. Àfi fìrì tí alùpùpù kan tó ń fò bí ẹyẹ yọ sí i láti ojú ọ̀run. Ẹni tó gùn ún yin ohun ìjà kan ṣoṣo, iná sọ, ọkọ̀ jóná, ẹrù di eérú. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi yìí kò mọ̀ ọ́n rí, kò bá a jà rí, kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó kàn rí i pé ẹnì kan fẹ́ jèrè ni, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Lóòótọ́, ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ gidi, ẹrù náà kì í ṣe ẹrù gidi, owó tó sì bá a lọ kò ṣe é ná lọ́jà kankan láyé. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ọmọkùnrin náà fi kó ẹrù jọ, wákàtí gidi ni. Iná mànàmáná tàbí epo tó fi tan jẹnẹrétọ̀, owó gidi ló fi rà á. Ìdí nìyí tí inú fi bí i, ìdí nìyí náà tó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ọ̀nà tí òun nìkan yóò fi máa gbé nínú ìlú náà. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń wá a. Káàkiri àgbáyé ni àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń ṣe eré yìí, tí wọ́n sì ń sá fún àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ máa ṣe é.

Los Santos lorúkọ ìlú tí à ń wí. Ẹ má wá a kiri lórí máàpù, nítorí kò sí níbẹ̀. Los Angeles, ìlú ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n wò ṣe é: etíkun rẹ̀, àwọn òkè rẹ̀, ilé olówó àti ilé tálákà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yà sínú eré tí wọ́n ń pè ní Grand Theft Auto. Kì í sì í ṣe Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ DMA Design ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Ilé-iṣẹ́ yìí ló di Rockstar North lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Edinburgh ni wọ́n sì fìdí sọlẹ̀ sí.

Ẹ̀yà karùn-ún eré náà jáde lọ́jọ́ 17, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, owó tó wọlé lórí rẹ̀ ti ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Láti ìgbà náà, iye tí wọ́n ti tà nínú rẹ̀ ti lé ní 200 mílíọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó jáde, ìyẹn lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún kan náà, ni wọ́n ṣí apá kejì rẹ̀, tí wọ́n sọ ní GTA Online. Apá yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Níbẹ̀, olúkúlùkù yóò ṣẹ̀dá èèyàn tirẹ̀, yóò yan ojú àti aṣọ fún un, yóò sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ìlú tí àwọn ẹlòmíràn náà wà. Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, èèyàn 16 ló lè jọ wà nínú ìlú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tuntun dé, ó di 30.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ohun tó bá wu kálukú ni. Ẹni tó bá fẹ́ lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè, ó lè gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, ó sì lè máa wakọ̀ kiri létí òkun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú 48 wa ni ọjọ́ kan tiwọn. Ṣùgbọ́n ìwà ọ̀daràn ni eré náà dúró lé lórí. Ọkọ̀ jíjí, ìdigunjalè àti òwò fàyàwọ́ ni wọ́n fi ń di olówó níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì lówó kò lè ra ilé, kò lè ra ọkọ̀, kò sì lè gbèjà ara rẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2016, àwọn tó ni eré náà gbé òwò ńláńlá wọ inú rẹ̀: oṣù kẹfà ni ilé ìkẹ́rùsí dé, oṣù kẹwàá sì ni òwò àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ jàgídíjàgan. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin kan dè é. Kò sí ẹni tó lè ta ọjà rẹ̀ àfi nínú ìlú tí gbogbo ayé lè wọ̀. Bó bá ti gbéra báyìí, àmì yóò hàn lójú máàpù gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé ọjà lágbájá ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ba ọjà náà jẹ́ yóò gba owó díẹ̀, owó tí kò tó nǹkan kan lára ohun tí olówò pàdánù.

Èrò àwọn tó ṣe é kò burú pátápátá. Wọ́n ní ìwà ọ̀daràn láìsí ewu kò dùn, àti pé bí ẹnì kan bá ń ta ọjà níbi tí ọ̀tá pọ̀ sí, kí èrè rẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé ni wọ́n kó sínú ìlú náà. Nígbà tó di oṣù keje, ọdún 2018, wọ́n tún mú alùpùpù kan jáde tó ń fò lójú òfuurufú, tó ń yin ohun ìjà tó ń wá èèyàn kiri fúnra rẹ̀. Oppressor Mk II ni wọ́n pè é. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rọra lọ ní títì di ẹran ìje fún ẹni tó wà lókè.

Ẹ wo òfin ìlú náà bó ṣe rí. Bí èèyàn bá ń ba ọkọ̀ àdáni ẹlòmíràn jẹ́ ṣáá, wọ́n ń sọ ọ́ sí ìlú ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń kó àwọn oníwàkiwà sí, wọ́n á sì dé fìlà ṣóńṣó tí wọ́n ń dé fún olódo lé e lórí. Ṣùgbọ́n bó bá dáná sun ọkọ̀ tó kó ẹrù òwò, tó sọ iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan di asán, kò sẹ̀. Eré ni, wọ́n tún san owó fún un.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ lọ́nà yìí, àwọn tó fẹ́ ṣòwò wọn ní ìrọwọ́rọsẹ̀ dá ọgbọ́n tiwọn. Àyè wà nínú eré náà fún ẹni tí kò bá fẹ́ jà láti sọ pé òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, kí ọta má sì bà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé òwò dání kò ní àǹfààní yẹn. Nítorí náà, àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dá eré náà dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ó lè já kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Bó bá tún mí padà, òun nìkan ló máa bá ara rẹ̀ nínú ìlú. Àwọn tó ń lo PlayStation ń yí nọ́ńbà kan padà níbi ètò íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì ń rí. Ẹ gbọ́ ná, ìlú tí wọ́n ná òbítíbitì owó kọ́ kí èèyàn lè pàdé èèyàn, òun ni wọ́n ń wá ọgbọ́n lé èèyàn jáde nínú rẹ̀!

Ìyà mìíràn tún wà lọ́nà. Kí ìlú náà tó ṣí, èèyàn lè dúró pẹ́ títí. Lóṣù kejì, ọdún 2021, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi ń dúró lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó rí i pé ìwé kan wà tí eré náà ń kà kó tó ṣílẹ̀kùn, tí orúkọ nǹkan bíi 63,000 ọjà wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ka ọ̀kan, àtìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹni tó ń ka owó ẹyọ, tó jẹ́ pé bó bá ti fi ẹyọ kan kún un, oókan ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ náà tún un ṣe, àkókò ìdúró sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ni eré náà gbà pé òótọ́ ló sọ, wọ́n ṣàtúnṣe lóṣù kẹta ọdún náà, wọ́n sì fún un ní 10,000 dọ́là. Àwọn tó ń dá ṣeré ló yọ̀ jù, nítorí àwọn ni wọ́n ń wọlé, tí wọ́n ń jáde, títí wọn yóò fi rí ìlú tó ṣófo.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni ìtura ńlá ti kọ́kọ́ dé. Tẹ́lẹ̀, ìdigunjalè ńlá inú eré náà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe. Èyí tó jáde lóṣù kẹta, ọdún 2015, èèyàn mẹ́rin ló gbà, àwọn tó sì tẹ̀ lé e kò lè dín ní méjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ já, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Lóṣù kejìlá, ọdún 2020, wọ́n mú Cayo Perico dé, erékùṣù olówó oògùn olóró kan tí wọ́n ń pè ní El Rubio. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Yóò ra ọkọ̀ abẹ́ omi ní mílíọ̀nù 2.2 owó ibẹ̀, yóò lọ ṣe amí erékùṣù náà, yóò kó ohun èlò jọ, yóò wá lúwẹ̀ẹ́ wọlé lóru, yóò rọra máa yọ́ kọjá lẹ́yìn àwọn ẹ̀ṣọ́. Bó bá jáde láyọ̀, yàtọ̀ sí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń lọ fún alárinà àti awakọ̀ abẹ́ omi, òun ló ni gbogbo èrè.

Nígbà tó sì di ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2022, àwọn tó ni eré náà túúbá. Wọ́n gbà kí ẹnikẹ́ni máa ta ọjà rẹ̀ nínú ìlú àdáni, níbi tí àlejò kan kò ti lè wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é, wọ́n sì dín agbára ohun ìjà alùpùpù ẹléyẹ náà kù. Ọdún mẹ́fà gbáko ni àwọn tó fẹ́ dá wà fi kígbe kí wọ́n tó gbọ́ tiwọn.

Síbẹ̀, dídá wà yìí ní ìdí tirẹ̀ tó ṣòro. Ẹni tó ń dá ṣeré kò lè kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dátà bá tán tàbí tí iná lọ, ìlú ti lé e jáde nìyẹn, àwa tí a sì ń gbé Nàìjíríà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Iṣẹ́ kan náà ni yóò sì máa ṣe léraléra, títí yóò fi sú u. Ibẹ̀ ni owó gidi ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí wọ́n ń ta káàdì tí èèyàn lè fi owó àpò rẹ̀ rà, kí owó ayédèrú pọ̀ sí i níbẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ẹni tó bá sì ń gba owó oṣù ní náírà yẹ kó rò ó kó tó tẹ bọ́tìnì.

Àwọn òbí náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti gbọ́. Eré àgbàlagbà ni eré yìí. Àwọn tó ń pín irú eré bẹ́ẹ̀ sí ìsọ̀rí ní ilẹ̀ Yúróòpù kọ 18 sára páálí rẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì kọ 17. Ìpànìyàn, oògùn olóró àti ọ̀rọ̀ àlùfààṣá wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń rà fún ọmọ ọdún mẹ́wàá torí pé ó ṣe dáadáa nílé ìwé. Bí ọmọ bá sọ pé òun nìkan lòun ń ṣe é, ìyẹn kò sọ ọ́ di eré ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń rò mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìbọn, kì í sì í ṣe olè jíjà. Àwọn tó ń dá ṣeré yìí kò kórìíra èèyàn. Púpọ̀ nínú wọn ló kọ́kọ́ wọ ìlú náà pé àwọn yóò rí ọ̀rẹ́. Àwọn àgbà wa ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ejò bá rí i pé ejò ẹgbẹ́ òun ló ń bu òun ṣán láìnídìí, kí ló fẹ́ ṣe bí kò ṣe kó wá ihò tirẹ̀ lọ? Ọmọkùnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta ọjà rẹ̀ báyìí láìsí ìdíwọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ láyọ̀, owó ń wọlé. Òpópónà Los Santos ń dá lọ gbọọrọ níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣe é níbi, kò sì sí ẹni tó lè bá a yọ̀.