Sáà Tí Ẹgbẹ́ Hakeem Ọlájùwọ́n Ti Ipò Kẹfà Gba Ife Ẹ̀yẹ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó tí ó di ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè sọ bí sáà ìdíje eré náà ṣe máa ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi sáà ọdún 1994 sí 1995 ṣe àlàyé, èyí tí ẹ̀yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, Houston Rockets, fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ènìyàn 5 ni ó máa ń ṣojú fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lójú pápá. Wọn a máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń sáré, wọn a sì máa wá ọ̀nà àti jù ú sínú òrùka irin kan tí a gbé kọ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 sókè. Ẹni tí ó bá jù ú wọlé láti ìtòsí gba àmì 2. Ẹni tí ó bá jù ú láti ẹ̀yìn ìlà tí ó jìnnà gba àmì 3. Bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀ sí ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù, a óò fún ẹni náà láyè láti jù ú láìsí ìdíwọ́, àmì 1 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí ó bá wọlé. Ìṣẹ́jú 48 ni eré náà gbà.

Ní sáà tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ 27 ni ó wà nínú ìdíje náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbá ìgbà 82, ìdajì nílé, ìdajì lẹ́yìn odi. Lẹ́yìn èyí ni a yan 8 láti ìhà ìwọ̀ oòrùn àti 8 láti ìhà ìlà oòrùn kí wọn ó wá dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì. Ní ìpele kìn-ín-ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ń tẹ̀síwájú. Ní àwọn ìpele yòókù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti borí jù nínú àwọn ìgbà 82 náà ni a fi ń ṣe onílé nígbà púpọ̀, àǹfààní èyí kò sì kéré, nítorí ariwo àwọn ará ilé a máa dẹ́rù ba àlejò.

Rockets ni ó gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1994, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ṣùgbọ́n ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, nǹkan kò rọgbọ. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1995, wọ́n fi Otis Thorpe, alágbára kan tí ó mọ bí a ti ń gba bọ́ọ̀lù tí ó bá ta padà, ṣe pàṣípààrọ̀ fún Clyde Drexler ti ẹgbẹ́ Portland. (Kì í ṣe pé wọ́n ń ta ènìyàn o, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan ń gbé fún èkejì.) Drexler àti Ọlájùwọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Houston, wọ́n sì ti jọ sunkún níbẹ̀ ní ọdún 1983, nígbà tí ife ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn.

Oṣù Èrèlé náà gan-an ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí. Ọlájùwọ́n kò jẹ, kò mu, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn fi wọ̀, síbẹ̀ òun ni a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nínú oṣù náà. Ẹni tí ó bá ti gbààwẹ̀ rí mọ ohun tí èyí jẹ́.

Nígbà tí ìgbà 82 pé, Rockets borí 47, wọ́n sì pàdánù 35. Ipò kẹfà ni wọ́n wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Èyí já sí pé wọn kò ní í ní àǹfààní onílé ní ìpele kankan.

Utah Jazz, tí ó borí 60, ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Utah ti ṣáájú pẹ̀lú 2 sí 1 kí Houston tó borí lẹ́ẹ̀mejì léraléra, èkejì nílé Utah fúnra rẹ̀. Phoenix Suns ni ó kàn. Ìyẹn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Phoenix ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, Houston lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gba karùn-ún, wọ́n gba kẹfà. Ní èyí tí ó ṣe ìkeje, nílé Phoenix, àmì wọn dọ́gba ní 110. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7, Mario Elie ju bọ́ọ̀lù kan wọlé láti igun pápá, àmì 3. 115 sí 114 ni wọ́n parí rẹ̀ sí.

San Antonio Spurs ni ó borí jù lọ ní gbogbo sáà náà, ìgbà 62. David Robinson wọn ni a sì ti yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jù ní ọdún náà. Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ náà fún un lójú gbogbo ènìyàn kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọlájùwọ́n wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Àmì 41 ni òun nìkan gbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó tọ́ kí a ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é. Ní Èkó, kí ó tó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, aṣọ́lé ni ó ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ pẹ̀lú. Ìyẹn ni ó fún un ní ẹsẹ̀ tí ó yá, bí ó tilẹ̀ ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Yóò kọ ẹ̀yìn sí alátakò rẹ̀, yóò mi èjìká bí ẹni tí ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Bí ìyẹn bá ti tẹ̀ síbẹ̀, òsì ni òun yóò gbà. Bí alátakò bá sì dúró láìmira, yóò fò, yóò sì jù ú wọlé lókè orí rẹ̀. Robinson kò rí ojútùú rẹ̀. Houston borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, San Antonio ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní àṣekágbá, Orlando Magic, ẹgbẹ́ Shaquille O'Neal, ni ó dúró dè wọ́n. Ní eré kìn-ín-ní, Orlando fi àmì 3 ṣáájú bí ó ti kù díẹ̀ kí eré parí, a sì fún Nick Anderson wọn ní àyè láti ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹrin láìsí ìdíwọ́. Ọ̀kan péré ìbá ti tó. Kò sí èyí tí ó wọlé. Kenny Smith ti Houston ju àmì 3 tí ó mú wọn dọ́gba, wọ́n fi àkókò kún un, Ọlájùwọ́n sì fi ìka ti bọ́ọ̀lù tí ó ta padà wọlé: 120 sí 118. Orlando kò rí eré kan gbà lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Òkúdù, ọdún 1995, Houston borí lẹ́ẹ̀kẹrin.

Títí di ọdún 2025, kò tíì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó ti ipò kẹfà gba ife náà. Ọlájùwọ́n ni a yàn ní ẹni tí ó tayọ jù ní àṣekágbá. Drexler, tí ó ti bá Portland dé àṣekágbá ní ọdún 1990 àti 1992 tí ó sì padà lọ́wọ́ òfo, gba tirẹ̀ ní ìlú tí ó ti kàwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́.