Ọjà ọdún: Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó yáwó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe àdìrẹ, tẹ́ ẹ̀ ń tà á lórí Instagram, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí. Torí pé ọjà máa ń yá lóṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ yín máa ń yáwó lóṣù Kẹwàá láti ṣe gbogbo ọjà ọdún lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá po aró tuntun, ₦20,000 ló ń bá a lọ. Ká tún ní aṣọ kọ̀ọ̀kan tó bá sùn sílẹ̀ fóṣù kan ń jẹ ₦100, ìyẹn èlé àti owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa ta 50 lóṣù Kẹwàá, 80 lóṣù Kọkànlá, 300 lóṣù Kejìlá.

Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ lóṣù Kẹwàá, ₦88,000 ló máa ná yín, torí pé aṣọ oṣù Kejìlá nìkan máa jẹ ₦60,000 kẹ́ ẹ tó tà á. Tẹ́ ẹ bá ń po aró lóṣooṣù, ₦60,000 ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣe ti oṣù méjì àkọ́kọ́ pọ̀, kẹ́ ẹ wá po òmíì níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ₦48,000 péré.

Èmi kọ́ ni mo hùmọ̀ irú ìṣirò yìí o. Harvey Wagner àti Thomson Whitin ti Amẹ́ríkà ti gbé e jáde lọ́dún 1958.

Kí ọjà kún ilé kọ́ lèrè. Bí owó tí ọjà máa jẹ nílẹ̀ bá ti ju owó aró tuntun lọ, ẹ ní sùúrù.