Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Yorùbá Sabon Gari ní Kánò

Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Yorùbá Mùsùlùmí tó ń gbé Sabon Gari ní Kánò mọ ìbéèrè ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ti ń bi í. Bí ó bá wálé fún ọdún Iléyá, àwọn ẹbí a bi í bóyá kò tíì di Haúsá tán. Bí ó bá padà sí Kánò, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ a bi í bóyá Mùsùlùmí ni lóòótọ́. Àwọn tó wà nílé ń wo ẹ̀yà rẹ̀, àwọn tó wà ní Kánò ń wo ẹ̀sìn rẹ̀, òun nìkan ló sì gbọ́dọ̀ dá àwọn méjèèjì lóhùn.

A kó èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè náà jọ síhìn-ín, kí àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè Ọya lè ní ìdáhùn lẹ́nu, kí àwa tí a wà nílé náà sì lè mọ bí ohun tí a ń bèèrè ti wúwo tó.

1. Kí ni Sabon Gari, ta ló sì dá a sílẹ̀?

Ìtumọ̀ Sabon Gari ní èdè Haúsá ni “ìlú tuntun.” Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò ní oṣù kejì ọdún 1903. Ojú irin tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Baro, létí odò Ọya, ní 1907 dé Kánò ní 1911, ojú irin tó ti Èkó wá sì pàdé rẹ̀ ní Minna. Láti Èkó dé Kánò lé ní 1,100 kìlómítà. Ọ̀nà yìí ni àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, káfíńtà, bíríkìlà àti oníṣòwò gbà wá láti ìhà gúúsù.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí àwọn àlejò wọ̀nyí gbé inú odi ìlú àtijọ́ lábẹ́ Ẹ́mírì, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n gbé àdúgbò àwọn òyìnbó. Ilẹ̀ kan lẹ́yìn odi ni wọ́n là sí òpópónà gbọọrọ-gbọọrọ, tí wọ́n sì pín fún wọn. Nínú ìwé ìjọba ayé ìgbà náà, ará gúúsù Nàìjíríà, ará Gold Coast àti ará Sàró ni wọ́n jọ ń pè ní ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ àjèjì. Orúkọ àwọn òpópónà ibẹ̀ ṣì ń sọ ìtàn yìí: Yoruba Road wà níbẹ̀, Enugu Road wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Gold Coast Road. Lóde òní, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Fagge ni Sabon Gari wà.

2. Ṣé ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ gbé Yorùbá dé Kánò?

Rárá o. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn oníṣòwò àti àáfà Yorùbá ti ń bá àwọn èrò rìn lọ sí Kánò, inú odi ìlú ni wọ́n sì tẹ̀dó sí, ní àdúgbò tí a ń pè ní Ayagi. Ìdílé kan náà ni wọ́n ń bá Haúsá ṣe, wọ́n jọ ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n jọ ń jókòó níwájú málàmù kan. Haúsá ni ọ̀pọ̀ àtọmọdọ́mọ wọn ń sọ lónìí, Yorùbá sì di ohun tí wọ́n ń rántí nígbà tí wọ́n bá ń ka ìran wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Yorùbá Mùsùlùmí ni ará Ayagi, Yorùbá Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀kan di ara ìlú, èkejì ṣì ń jẹ́ àlejò lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Kì í ṣe ìwà wọn ló yàtọ̀. Òfin tó ya ibùgbé sọ́tọ̀ ló fa ìlà sáàárín wọn. Òfin náà kò bèèrè ẹni tó ń kírun. Ibi tí ènìyàn ti wá ló ń bèèrè.

3. Ṣé Mùsùlùmí ni Yorùbá lóòótọ́?

Ìbéèrè yìí máa ń dun ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń fà á. Ẹni tó bá wo Sabon Gari láti òkèèrè yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọtí níbẹ̀, yóò sì rò pé gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ rí bákan náà. Yóò gbọ́ orúkọ bí Adébáyọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń tọ mọ́ṣáláṣí lọ. Yóò rí Yorùbá Mùsùlùmí tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, tí wọ́n sì jọ ń jẹun láìsí ìjà. Ìwọ̀nyí ṣàjèjì lójú ẹni tó dàgbà sí ibi tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun kan náà.

Ìdáhùn wà nínú ìtàn àti nínú èdè wa. Kí Jìhádì Sheikh Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, Mùsùlùmí ti wà ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ìmàle tí àwọn baba wa ń pe ẹ̀sìn yìí ń tọ́ka sí ilẹ̀ Mali, ibi tí wọ́n gbà pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wàláà tí ọmọ kéwú wa ń kọ ni ọmọ Kánò ń pè ní allo: pákó kan náà ni, tàdáwà kan náà ni. Wólímọ̀ tí a ń ṣe fún ọmọ tó parí Kùránì ni àwọn ń pè ní sauka. Ìlànà Màlíkì ni àwa àti àwọn ń tẹ̀lé. Nígbà tí ẹgbẹ́ bí Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, sì mú ilé kéwú àti ilé ìwé òyìnbó wọ inú ọgbà kan, wọ́n fi hàn pé ọmọ lè mọ ìwé òyìnbó kí ó má sì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọmọ wa má ṣe fi ìbínú dáhùn ìbéèrè yìí. Kí ó dáhùn pẹ̀lú ìmọ̀.

4. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Iṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè ló kọ́kọ́ gbé wọn dé, ṣùgbọ́n òwò ló mú wọn dúró. Bí ojú irin ti dé ni òwò ẹ̀pà búrẹ́kẹ́ ní Kánò, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń rà á sì nílò akọ̀wé àti ẹni tí yóò máa wọn ọjà. Obì gbànja náà yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Láti ilẹ̀ Gonja, tó wà ní Gánà òde òní, ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń rù ú wá tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ gbànja sì ti wá. Nígbà tí igi obì so ní Agége àti ní Ìjẹ̀bú, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó obì lọ sí Kánò. Haúsá tó wá ra obì sọ̀kalẹ̀ wá sí Agége, Yorùbá tó wá ta ọjà gòkè lọ sí Kánò. Olúkúlùkù sì di àlejò ní ìlú ẹnìkejì rẹ̀.

Àwọn ìyá wa kò gbẹ́yìn. Aṣọ títà àti oúnjẹ títà ni ọ̀pọ̀ wọn fi rán ọmọ ní ilé ìwé. Lónìí, ẹ ó rí Yorùbá télọ̀, mẹkáníìkì, atẹ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò káàkiri. Ọjà Sabon Gari, tí ìjọba fi orúkọ olóògbé Gómìnà Muhammadu Abubakar Rimi pè, ni ibi tí ẹ̀yà gbogbo ti ń pàdé. Nígbà tí iná jó ọjà náà ní 2016, kò sí ẹ̀yà tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

5. Ṣé ẹ̀rù kì í bà yín?

Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Kò yẹ kí a bo èyí mọ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1953, lẹ́yìn àríyànjiyàn tí àbá Anthony Enahoro lórí òmìnira dá sílẹ̀ ní ilé aṣòfin ní Èkó, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ wá ṣe ìpàdé níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìjọba ní ènìyàn 36 ló kú. Ní 1966, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò, àwọn tó kù sì sá lọ. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1970, ọ̀pọ̀ wọn padà wá gba ilé wọn. Ní 2013 àti 2014, bọ́ǹbù dún léraléra ní Sabon Gari, ní ibùdókọ̀ àti ní òpópónà.

Èyí tó kan Yorùbá jù ni ti oṣù keje ọdún 1999. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Ṣàgámù lórí ọ̀rọ̀ Orò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbẹ̀san rẹ̀ lára Yorùbá ní Kánò. Ẹni tó ń gbé Sabon Gari kò mọ ohunkóhun nípa Orò Ṣàgámù, bí Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà ní Ṣàgámù kò ti mọ ohunkóhun nípa Kánò. Ẹ̀yà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ní ìlú méjèèjì, wọn kò fi ìrun kíkí ṣe é. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ èébú nípa ẹ̀yà mìíràn ní ilé rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ rántí pé ó ní ọmọ ìyá ní ibòmíràn.

6. Kí ló dé tí ẹ kò padà wálé?

Àwọn ará ilé ló sábà ń béèrè èyí, pàápàá nígbà tí ìròyìn burúkú bá jáde. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé wọn kò kúrò nílé pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ọ̀ffà, ti Ìlọrin àti ti ìlú mìíràn, ń dá owó, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sílé.

Ìdáhùn kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀sìn wa kò gbà kí a dá òkú dúró pẹ́. Kìrìsìtẹ́nì lè gbé òkú bàbá rẹ̀ wálé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tó kú ní Kánò, Kánò ni wọ́n sábà ń sin ín sí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ìlú kan, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó kẹ́rù rẹ̀ kúrò níbẹ̀?

7. Ọmọ ibo ni ọmọ tí a bí sí Kánò?

Ìbéèrè yìí ni ìyá gbogbo ìbéèrè. Ó máa ń dé nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì, nígbà tí ó bá ń wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n bá sì ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Kánò yóò ní kí ó lọ gbà á ní ìlú bàbá rẹ̀. Ní ìlú bàbá rẹ̀, wọn yóò bi í pé ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀, bí ó bá sì lọ́ èdè díẹ̀, wọn yóò wo ara wọn lójú.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 318, sọ pé ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá jẹ́ ara àwùjọ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan ni a ń kà mọ́ ìpínlẹ̀ náà. Kò sọ iye ọdún tí ènìyàn lè fi gbé ìlú kan kí ó tó di ọmọ ibẹ̀. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ ibùgbé kíkún níbikíbi, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn abala tí a kò lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́. Abala 42 ló fún ni lágbára jù, nítorí ó kọ̀ kí òfin tàbí ìjọba fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ibi tí ó ti wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní òkè Ọya, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ọmọ yóò nílò ìwé. Ẹ mú un wálé nígbà tí ó kéré. Ẹ fi han mọ́gàjí agboolé, ẹ kọ́ ọ ní Yorùbá àti oríkì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ Haúsá dáadáa pẹ̀lú, kí ó sì dìbò ní Kánò nígbà tí ó bá tó ọdún 18.

Àwa tí a wà nílé náà ní tiwa láti ṣe. Ní 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Haúsá, orúkọ Sabon Gari náà sì ni wọ́n gé kúrú. A bí ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti bí ọmọ. Bí ọ̀kan nínú wọn, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí a bí ní Ọjàá Ọba, bá wá gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí ni a óò sọ fún un? Ohun tí a kò fẹ́ kí Kánò sọ fún ọmọ wa, ṣé a kò ní í sọ ọ́ fún ọmọ wọn?

Bako ni Haúsá ń pe àlejò, òun náà ni wọ́n ń pe àjèjì. Àwa ní ọ̀rọ̀ méjì, ó sì wà lọ́wọ́ wa láti yan èyí tí a óò lò. Bí ẹbí yín bá ti Kánò dé ní Iléyá tó ń bọ̀, ẹ bi í ní orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ àti ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́, kí ẹ tó bi í ní ọjọ́ tí yóò kó wálé. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà ní àjò. Àmín.