Ọjọ́ Méjì ní Ìlú Hull

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá rí ọjọ́ méjì fún ìsinmi, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Hull, ìlú èbúté tí ó wà lẹ́bàá odò Humber. Ọkọ̀ ojú irin láti King's Cross a máa dé ibẹ̀ ní ìwọ̀n wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹ tètè ra ìwé ọkọ̀, kí owó rẹ̀ má baà gòkè.

Ọjọ́ kìíní ni kí ẹ fi wo ilé tí a gbé bí William Wilberforce ní 1759. A kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i. Ọkùnrin yìí ni ó ṣíwájú ìjà inú Ilé Ìgbìmọ̀ títí a fi ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1807. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ogun wọn ń lé àwọn ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Ọ̀kan nínú wọn ni ó gba Àjàyí ọmọ Òṣogùn sílẹ̀ ní 1822, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ẹ so ìtàn méjèèjì pọ̀ fún àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí à ń pè ní Hull Minster, kí ẹ sì rọra rìn létí odò. Ẹ má ṣe fi kún un: ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.