Píkọ́ọ̀pù oní-dísù n'Íkọ̀tún: Epo ọ̀pọ̀ ló ń gbé olówó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù oní-dísù tó fi ń kó ẹrù láti Ìkọ̀tún lọ s'Ígándò tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ bá a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tún bá a gbàdúrà. Ọkọ̀ náà lágbára, ó ń ru sìmẹ́ńtì, ó ń ru pákó. Epo ló ń dà á láàmú.

Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2022, nǹkan bíi náírà 288 ni lítà dísù kan, gẹ́gẹ́ bí àjọ NBS ṣe sọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní, 2024, ó ti lé ní 1,150. Ìyẹn ló jẹ́ kójú àwọn kan máa wọ epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ títì.

Wàhálà wà níbẹ̀ o! Ẹ́ńjìnnì dísù ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Nozzle ló ń fọ́n epo sínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ pọ̀ títí tó fi gbóná. Dísù yẹn kan náà ló tún ń ṣe bí òróró fún pọ́ńpù. Bó bá lómi nínú, tàbí tó jẹ́ èyí tí wọ́n fọ̀ nínú igbó láìgbàṣẹ, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Ọkọ̀ ò ní tètè sítáàtì mọ́, èéfín á gba títì, tó bá yá, pọ́ńpù á kú.

Awakọ̀ tó gbọ́n kì í fi fílítà ṣeré. Á tú omi ìsàlẹ̀ ẹ̀ dànù láàárọ̀, ilé epo tó dá lójú ni yóò sì ti rà. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ara ọkọ̀ yìí lowó iléèwé ọmọ ti ń jáde. Ẹni tó bá ń fún un lómi mu, ọbẹ̀ ilé ara ẹ̀ ló ń bu omi là.